Èéfín àti Eruku Kíkúná Nínú Ilé: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Béèrè Jù

Kí ni eruku kíkúná tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí?

Ohunkóhun tó bá kéré débi pé ó lè rà bàbà nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀ la ń pè bẹ́ẹ̀: dúdú inú èéfín, ẹ̀kán òróró gbígbóná, eérú, eruku ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi bí wọ́n ṣe tóbi tó pín wọn. PM10 ni èyí tí ìbú rẹ̀ kò ju máíkírọ́mítà 10 lọ, PM2.5 ni èyí tí kò ju máíkírọ́mítà 2.5 lọ. Ìbú irun orí kan tó máíkírọ́mítà 50 sí 70, nítorí náà PM2.5 tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa tò lórí ìbú irun kan ṣoṣo.

Kíkéré yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Irun imú àti ikun máa ń dá eruku ńlá dúró, a ó sì sín in tàbí kí á wúkọ́ rẹ̀ jáde. Èyí tó kúná máa ń kọjá wọn lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Níbo ló ti ń wọ inú ilé?

Iná ni baba rẹ̀. Iná igi, èédú, ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ, kẹrosíìnì, sìgá, àbẹ́là, tùràrí, oògùn ẹ̀fọn tí à ń sun. Òróró tó gbóná jù nínú páànù náà ń tú u sínú afẹ́fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná mànàmáná lẹ fi ń sè é.

Ìyókù ń ti ìta wá: èéfín ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, ìdọ̀tí tí aládùúgbò ń sun, igbó tó ń jó. Ó ń gba ojú fèrèsé, abẹ́ ilẹ̀kùn àti gbogbo ihò ara ilé wọlé.

Ṣé kì í ṣe ìta ni afẹ́fẹ́ ti burú ni? Mo rò pé inú ilé ló dára jù.

Ó dá lórí ohun tó ń jó nínú ilé náà. Bí nǹkan kan kò bá jó níbẹ̀, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé títì máa ń dín ti ìta kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi igi dáná nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé eruku kíkúná ibẹ̀ lè fi ìlọ́po 100 ju ìwọ̀n tó yẹ lọ. Ní gbangba, afẹ́fẹ́ á gbé èéfín lọ. Nínú yàrá, ibẹ̀ ló máa wà tí ẹ ó fi máa mí i sínú.

Kí ló ń ṣe nínú ara?

Ó ń mú kí inú ẹ̀dọ̀fóró wú, kó sì máa ta. Ara á máa bá a jà lójoojúmọ́, ìjà yẹn kò sì ní mọ sínú ẹ̀dọ̀fóró nìkan: iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa le, ẹ̀jẹ̀ á máa tètè dì, ẹ̀jẹ̀ ríru á pọ̀ sí i. Èyí tó kéré jù lọ nínú eruku náà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ń pa ju ikọ́ lọ láàárín àwọn tó ń mí èéfín inú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ ni gbogbo èèyàn ń rò. Nínú ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé fa ikú mílíọ̀nù 3.2, àwọn méjèèjì yìí sì lé ní ìdajì rẹ̀. Òtútù àyà, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè mí délẹ̀ àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló kó ìyókù. Ní 2013, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde pé eruku kíkúná inú afẹ́fẹ́ ìta wà lára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Èéfín èédú inú ilẹ̀ tí wọ́n ń sun nínú ilé wà lórí àkọsílẹ̀ kan náà.

Ojú náà ń jìyà. Àwọn obìnrin tó ti pẹ́ nídìí iná igi máa ń ní àìsàn tó ń sọ inú ẹyin ojú di funfun (cataract) ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ta ló léwu fún jù?

Ọmọdé, aboyún, arúgbó, ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ara ọmọ dá a, afẹ́fẹ́ tó ń mí pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ṣì ń dàgbà. Lára ikú mílíọ̀nù 3.2 tí mo mẹ́nu bà lókè, ó lé ní 237,000 tó jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka nọ́ńbà yẹn kọjá.

Ẹni tó ń dáná ni èéfín kọ́kọ́ ń bá, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ló sì tẹ̀ lé e. Ọmọ kò lè dìde kó jáde síta nígbà tí ojú bá ń ta á. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nílé tó lè gbé ọmọ náà, kó gbé e kúrò nídìí iná.

Ìyá mi fi igi dáná títí ó fi di arúgbó, nǹkan kan kò ṣe é. Ṣé kì í ṣe àsọdùn?

Inú mi dùn pé ara Màmá le. Ṣùgbọ́n ewu kì í mú gbogbo èèyàn bákan náà. Àwọn kan mu sìgá títí wọ́n fi darúgbó, ìyẹn kò sọ sìgá di oògùn. Ohun tó sì ń bo ọ̀rọ̀ èéfín mọ́lẹ̀ ni pé kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Bí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì ní ẹni ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó máa ní iná igi ló pa á.

Ìwọ̀n wo ni kò léwu?

Kò tíì sí ìwọ̀n kan tí wọ́n rí pé kò ní ewu rárá. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2021 ni pé kí PM2.5 má ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan bí a bá pín in já ọdún, kó má sì ju 15 lọ láàárín wákàtí 24. Ṣáájú ìgbà yẹn, 10 àti 25 ni wọ́n fi sí. Ìwọ̀n yìí kan inú ilé bó ṣe kan ìta.

Bí n kò bá rí èéfín, tí n kò sì gbóòórùn rẹ̀, ṣé kò sí níbẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. Ojú kò lè rí PM2.5 kan ṣoṣo. Ìgbà tó bá pọ̀ gan-an la tó ń rí i bí èéfín. Imú náà máa ń mọ́ òórùn lára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́ ilé ìdáná yín, ẹ wo àjà àti orí ògiri. Dúdú tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni èyí tí kò ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró yín.

Èédú kì í rú èéfín tó igi. Ṣé kò sàn jù?

Eruku kíkúná rẹ̀ dín kù lóòótọ́ nígbà tó bá ti pọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ pọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Ó máa ń gba àyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀: orí á fọ́, òòyì á kọ́ èèyàn, oorun á gbé e, ó lè máà jí mọ́.

Ẹ má ṣe gbé èédú tó ń jó wọ yàrá láti fi yá iná, kí ẹ wá ti ilẹ̀kùn sùn. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sí abẹ́ fèrèsé. Gbogbo ìyókù ìdáhùn yìí ni ẹ lè mú díẹ̀díẹ̀. Èyí kò gba díẹ̀díẹ̀.

Kẹrosíìnì ńkọ́?

Iná tó pọ́n, tó ń jó pẹ̀lú òwú, ń tú dúdú jáde gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbani nímọ̀ràn láti 2014 pé kí á má lò ó nínú ilé mọ́. Bí àtùpà lẹ fi ń lò ó, iná kékeré tó ń lo oòrùn tàbí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òun ló rọrùn jù láti pààrọ̀ nínú gbogbo iná inú ilé.

Oògùn ẹ̀fọn tí à ń sun, tùràrí àti àbẹ́là, ṣé àwọn náà léwu?

Gbogbo wọn ń tú eruku kíkúná jáde, ṣùgbọ́n ti oògùn ẹ̀fọn ló ń kó ìdààmú bá mi jù, nítorí pé inú yàrá títì ló ń jó di òwúrọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ. Àwọn onímọ̀ tó wọn èéfín rẹ̀ nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2003 rí i pé PM2.5 tí ẹyọ kan ń tú jáde tó ti sìgá 75 sí 137. Ibà burú, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀fọn sílẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi oògùn sí ló ń lé ẹ̀fọn tí kì í rú èéfín.

Tùràrí àti àbẹ́là: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àbẹ́là máa ń rú èéfín jù lásìkò tí ẹ bá fẹ́ ẹ pa, nítorí náà ẹ fi ìdérí pa á.

Bí mo bá ń mu sìgá lójú fèrèsé ńkọ́?

Èéfín náà ń padà wọlé. Fèrèsé kò tó, fáànù kò tó, yàrá mìíràn kò tó. Ìta gbangba ni, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Mo ti ń lo gáàsì. Ṣé mo ti bọ́?

Ẹ ti bọ́ nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹ sì ṣe dáadáa. Ohun méjì ló kù. Gáàsì ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan tó ń jẹ́ nitrogen dioxide jáde, èyí tó máa ń ru ikọ́ fée sókè. Oúnjẹ dídín náà sì ń mú eruku kíkúná wá láti inú òróró fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti ń rú èéfín nínú páànù, ó ti gbóná jù.

Fáànù tó ń fa èéfín jáde lókè iná ló dára jù, bí ó bá ń tú u sí ìta. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń fa èéfín gba inú asẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí wọ́n á tún tú u padà sínú ilé. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ máa dáná ní ojú iná ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ti ń fà á mọ́ra jù.

N kò lágbára láti ra gáàsì tàbí sítóòfù iná mànàmáná. Kí ni mo lè ṣe lónìí?

Ẹ kò dá wà. Bíi bílíọ̀nù méjì èèyàn ló wà nípò yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ gbé iná kúrò nínú ilé: sí gbangba, tàbí sí abẹ́ òrùlé tí ògiri kò yí ká. Bí òjò kò bá gbà, ẹ wá àyè kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kánkán méjì kọjá, kì í ṣe ojú fèrèsé kan ṣoṣo.

Igi tútù ń rú èéfín ju igi gbígbẹ lọ, nítorí náà ẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sá a síbi tí òjò kò ti ní pa á. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí ike dá iná. Oró tó wà nínú èéfín wọn yàtọ̀. Ẹ dé ìkòkò, kí ẹ sì rẹ ohun tó bá le sínú omi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó sè é, torí pé wákàtí kan tí iná kò jó ni wákàtí kan tí ẹ kò mí i. Bí ẹ bá ti sè é tán, ẹ pa iná náà pátápátá. Igi tó ń jó lábẹ́lẹ̀, tí kò ní ọwọ́ iná, ló ń rú èéfín jù.

Ihò èéfín tó gba orí òrùlé kọjá ń ran ilé lọ́wọ́ gidigidi. Ẹ máa họ dúdú inú rẹ̀ kúrò láti ìgbà dé ìgbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dí, èéfín á padà sẹ́yìn.

Ìgbà wo ni kí n ṣí fèrèsé, ìgbà wo ni kí n tì í?

Bí iná bá ń jó nínú ilé, ẹ ṣí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Bí ó bá jẹ́ ìta ni èéfín ti ń bọ̀, ẹ tì í, ẹ fi aṣọ tó tutù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ má sì dá iná kankan nínú ilé ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tí ìta bá mọ́ padà, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ kí èyí tó há sínú lè jáde.

Bí méjèèjì bá papọ̀ ńkọ́, tí ẹ gbọ́dọ̀ dáná, tí ìta sì kún fún èéfín? Ẹ ṣí i. Carbon monoxide ń pa láàárín òru kan. Ti eruku kíkúná kì í yá tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ilẹ̀ gbígbá ń dá kún un?

Díẹ̀. Eruku tí ìgbálẹ̀ ń rú sókè sábà máa ń jẹ́ ti ńlá, kò sì burú tó èéfín, ṣùgbọ́n ó ń ru ikọ́ fée. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá a, tàbí kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí àwọn ọmọ sì wà níta.

Ẹ̀rọ asẹ́ afẹ́fẹ́ ńkọ́? Èwo ni kí n rà?

Èyí tó ní asẹ́ HEPA. Asẹ́ yìí ń mú ó kéré tán 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún eruku tó tó máíkírọ́mítà 0.3, èyí tó ṣòro mú jù. Àwọn tó tóbi jù ú lọ àti àwọn tó kéré sí i, ó ń mú wọn pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Kì í ṣe asẹ́ nìkan lẹ ó wò, iye afẹ́fẹ́ tó ń sẹ́ ló ń pinnu. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ síwájú CADR lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ wọn yàrá yín: mítà 4 ní gígùn, 3 ní ìbú, 2.5 ní gíga jẹ́ kúbíìkì mítà 30. Bí ẹ bá fẹ́ kó sẹ́ afẹ́fẹ́ yàrá náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ kúbíìkì mítà 150 ní wákàtí kan lẹ nílò. Ẹ ra èyí tó ju ìyẹn lọ díẹ̀, torí pé èyí tó bá ń pariwo jù, ẹ ó pa á kí ẹ tó sùn. Yàrá tí ẹ ń sùn sí ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe pálọ̀ níbi tí àlejò ti máa rí i.

Kò ní lè borí iná igi tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì lè mú carbon monoxide rárá.

Ṣé mo lè ṣe tèmi fúnra mi?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2020, Richard Corsi àti Jim Rosenthal ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde: asẹ́ mẹ́rin tí wọ́n kọ MERV 13 sí lára (nọ́ńbà tó ń sọ bí asẹ́ ṣe ń mú eruku tó) ni wọ́n tò ní igun mẹ́rin bí àpótí, wọ́n fi páálí dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé fáànù onígun mẹ́rin lé orí rẹ̀, wọ́n sì fi téèpù lẹ gbogbo ojú àlàfo. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orí àtẹ. Ọfà tó wà lára asẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọjú sí inú.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń tú ozone jáde láti fọ afẹ́fẹ́ mọ́ ńkọ́?

Ẹ má rà á. Ozone fúnra rẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Òdòdó inú ìkòkò?

Ẹ gbìn ín nítorí ẹwà rẹ̀. Kò lè mú eruku kíkúná tó nǹkan kan kúrò nínú yàrá.

Ẹ̀rọ amúlétutù wà ní yàrá mi. Ṣé kò tó?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń yí afẹ́fẹ́ yàrá náà po ni. Asẹ́ inú wọn ń mú irun àti eruku ńlá, PM2.5 ń kọjá lọ.

Ṣé ìbòmú lè gbà mí nídìí iná?

Ìbòmú N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ń mú ó kéré tán 95 nínú ọgọ́rùn-ún eruku kíkúná. Èyí tí wọ́n fi aṣọ rán kò ṣe púpọ̀, irùngbọ̀n sì máa ń já àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lò ó bí igbó bá ń jó tàbí bí ẹ bá ń họ ihò èéfín. N kò ní sọ fún ẹni tó ń dáná lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ pé kó máa wọ ọ́ títí ayé. Iná náà ló yẹ ká pààrọ̀.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn PM2.5. Ṣé kí n gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́?

Ẹ fi í ṣe àfiwé: kí ẹ tó dáná àti lẹ́yìn rẹ̀, fèrèsé ní ṣíṣí àti ní títì. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ka eruku, kò wọ̀n ọ́n ní tààrà, nítorí náà bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ooru omi gbígbóná náà lè tàn án jẹ. Kò sì rí carbon monoxide; ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń ké lọ́tọ̀ ni.

Mo gbọ́ pé wọ́n fún àwọn ìdílé ní àdógán tuntun, kò sì ran àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká sọ ọ́ láìfi pamọ́. Ní Màláwì, ìwádìí tó kan ọmọ tó lé ní 10,000, tí èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2017, fún àwọn ìdílé ní àdógán igi tó ní fáànù. Òtútù àyà àwọn ọmọ kò dín kù. Ìdọ̀tí ṣì ń jó ní àyíká, sìgá ṣì wà, àdógán náà ṣì ń jó igi. Ní 2022, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Guatemala, Íńdíà, Perú àti Rùwáńdà pẹ̀lú gáàsì ọ̀fẹ́ fi hàn pé PM2.5 tí àwọn aboyún ń mí wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi máíkírógíráàmù 24 nínú kúbíìkì mítà kan, nígbà tí ti àwọn tí kò gba gáàsì wà ní nǹkan bíi 71. Síbẹ̀, ìwọ̀n ara àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé dídín èéfín kù sí ìdajì kì í dín ewu kù sí ìdajì. Níbi tí èéfín ti pọ̀ gan-an, ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ púpọ̀ kí ara tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, àdógán tuntun nílé kan, tí ilé márùn-ún tó yí i ká ṣì ń rú èéfín, kò ní ṣe tó bí ó ṣe yẹ. Bí àdúgbò bá pawọ́ pọ̀ dá ìdọ̀tí sísun dúró, gbogbo ilé ló máa jẹ nínú rẹ̀.

Mo ti mí i fún ogún ọdún. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́ jù. Ní Xuanwei, ní ìpínlẹ̀ Yunnan ní Ṣáínà, àwọn ìdílé tó ń sun èédú inú ilẹ̀ nínú kòtò iná láàárín ilé yí padà sí sítóòfù tó ní ihò èéfín. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo àkọsílẹ̀ wọn, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láàárín wọn ti dín kù bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nǹkan bí ọdún 10 ló gbà kí ó tó hàn, èédú kan náà ni wọ́n sì ń sun.

Ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò tán, ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ rẹ̀ lè dẹ̀rọ̀. Bí ikọ́ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lára yín, bí ẹ bá ń mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn tí ẹ máa ń gùn wọ̀ọ́rọ̀wọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí bí àyà ọmọ bá ń wọlé tó bá ń mí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà irú iná tí ẹ ń dá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè.